Nọ́ọ̀tì Táyà Alùpùpù: Èwo Ni Kí A Rà?

Ní gbogbo Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko. Òun ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Òun náà ni ó ń ru àgbàdo àti èlùbọ́ wá sí ọjà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ alùpùpù kan gbogbo wa, àti ẹni tó ń gùn ún, àti ẹni tí wọ́n fi ń gbé.

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù máa ń pàtẹ irú nọ́ọ̀tì kan tó pupa, tàbí tó dà bí aró, tàbí tó dà bí wúrà. Ó ń dán, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní bí nọ́ọ̀tì bá ti fúyẹ́, alùpùpù yóò sáré, kò sì ní jẹ epo púpọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀tì táyà ń ṣe

Irin gbọọrọ kan wà tí ó gba àárín táyà kọjá. Orí rẹ̀ ni táyà ti ń yí. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní ẹnu irin yìí ni kì í jẹ́ kí ó yọ. Ọ̀kan wà ní iwájú, ọ̀kan wà ní ẹ̀yìn. Àwọn kéékèèké tún wà ní ẹ̀yìn: èyí tó di ọ̀pá bíréèkì mú, àti àwọn tó di irin eléyín tí ṣéènì ń fà mú.

Bí nọ́ọ̀tì ńlá bá bọ́, irin àárín lè yọ, táyà a sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí nọ́ọ̀tì ọ̀pá bíréèkì bá bọ́, táyà lè há lójijì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lórí ìrìn kò ní mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Ẹ rí i pé nọ́ọ̀tì wọ̀nyí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n dì mú.

Èrè tó wà nínú ohun fífúyẹ́

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Nọ́ọ̀tì irin tó bá bóòtù mìlímítà 12 mu wọn bí gíráàmù 17. Bí a bá fi titéníọ̀mù ṣe irú rẹ̀, yóò wọn bí gíráàmù 10. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, yóò wọn bí gíráàmù 6. Èrè tí a rí lórí nọ́ọ̀tì alumíníọ̀mù kan kò ju gíráàmù 11 lọ.

Ẹ mú omi inú ọ̀rá kan, èyí tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Omi náà wọn bí gíráàmù 500. Kí a tó lè fi nọ́ọ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ dín ìwọ̀n omi ọ̀rá kan péré kù, a ó pààrọ̀ nọ́ọ̀tì bí 45! Alùpùpù wo ló ní nọ́ọ̀tì táyà tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá mu omi ọ̀rá kan kó tó gun alùpùpù ti dá gbogbo èrè náà padà.

Alùpùpù tí a ń gùn fúnra rẹ̀ lé ní kìló 100. Ẹni méjì jókòó lé e, àpò àgbàdo tún wà lẹ́yìn. Kí ni gíráàmù 11 yóò ṣe níbẹ̀? Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje ní Yúróòpù àti ní Japan a máa lo irú nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì wọn a máa yẹ gbogbo ara ọkọ̀ wò kí wọ́n tó tún gùn ún, ojú ọ̀nà wọn sì tẹ́jú bí àwo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà oko wa kún fún kòtò àti òkúta, a sì ń rù ju bó ti yẹ lọ.

Òǹkà tó wà lórí bóòtù

Níbi yìí ni ìwé tí a kọ́ ti wúlò. Ẹ wo orí bóòtù irin dáadáa, ẹ ó rí òǹkà kékeré lára rẹ̀: 4.8, tàbí 8.8, tàbí 10.9. Òǹkà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Agbára bóòtù ni ó ń sọ.

Ẹ mú òǹkà àkọ́kọ́, kí ẹ fi òdo kan sí i. 4 di 40, 8 di 80, 10 di 100. Bí a bá gé irin náà tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó jẹ́ mìlímítà kan ní ìbú àti mìlímítà kan ní òró, iye kìló tí yóò gbé kó tó já nìyẹn. Òǹkà kejì ń sọ ìgbà tí irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí nà, tí kò ní lè sún padà mọ́. Bóòtù 8.8 já ní 80, ṣùgbọ́n ó ti ń nà láti bíi 64, nítorí pé 64 ni ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá 80.

Ti nọ́ọ̀tì rọrùn: òǹkà kan ṣoṣo ni, bíi 8 tàbí 10. Òǹkà nọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ kéré sí òǹkà àkọ́kọ́ ti bóòtù. Bóòtù 10.9 ń fẹ́ nọ́ọ̀tì 10.

Alumíníọ̀mù ńkọ́? Èyí tó le jù tí wọ́n ń fi ṣe nọ́ọ̀tì kò tó 60 nínú ìṣirò yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ kò ju bíi 30 lọ. Ohun mìíràn tún wà: bí ó bá ń gbọ̀n lemọ́lemọ́, àárẹ̀ a máa mú un nínú, ojú kò sì ní rí i títí yóò fi sán. Titéníọ̀mù ní agbára, ó lè tó 90. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, bí a kò bá sì fi gírísì tó yẹ sí eyín rẹ̀, ó lè lẹ̀ pinpin débi pé kò ní ṣeé tú.

Bí a ti ń rà á

1. Ẹ mú nọ́ọ̀tì àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ má fi ẹnu lásán júwe rẹ̀.

2. Ẹ ka òǹkà rẹ̀. Kí tuntun má ṣe kéré sí ti àtijọ́.

3. Ẹ fi òòfà kàn án. Bí òòfà kò bá gbé e, ẹ má fi sí ìdí táyà, bó ti wù kó dán tó.

4. Ẹ fi ìka yí i wọ inú bóòtù. Bóòtù méjì lè nípọn bákan náà kí eyín wọn má dọ́gba: ọ̀kan 12 × 1.25, èkejì 12 × 1.75. Bí ó bá há, ẹ má fi sípánà fi agbára wọ̀ ọ́. Yóò jẹ eyín bóòtù run.

5. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka ọ̀rá nínú gbọdọ̀ le díẹ̀ bí ó bá dé ibi òrùka náà. Bí ìka bá yí i wọrọwọrọ kọjá ibẹ̀, ó ti lò kọjá. Ẹ ra òmíràn.

6. Bí ihò bá wà fún wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń ti nọ́ọ̀tì, ẹ ra wáyà tuntun mọ́ ọn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ kò burú. Kí ó fi nọ́ọ̀tì aláwọ̀ sí ara nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ìyẹn bá bọ́, kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí a bá ti dè é

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi sípánà tó bá a mu dè é. Ẹ má jẹ́ kó ki páìpù gígùn bọ sípánà kó wá gun orí rẹ̀. Àdèjù a máa na bóòtù. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó sún mọ́ ọn. Ní òròòwúrọ̀, ẹ wo ìlà náà. Bí kò bá ṣe tààrà mọ́, nọ́ọ̀tì ti ń tú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ṣe ń tú lójú ọ̀nà tó ń gbọ̀nni. Wíwo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Alùpùpù ní ẹ̀yà tí a lè rà pààrọ̀ lọ́jà. Ẹ̀mí kò ní. Ẹ ka òǹkà kí ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí nọ́ọ̀tì ọ̀pá bíréèkì bá bọ́?

2. Bóòtù kan ní 10.9 lórí. Nọ́ọ̀tì wo ni ó bá a mu?

3. Báwo ni òòfà ṣe ń ràn wá lọ́wọ́ ní ìsọ̀?

4. Ẹ lọ wo alùpùpù kan ní àdúgbò yín. Ẹ kọ gbogbo òǹkà tí ẹ bá rí lórí bóòtù rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.