Ìgbómìnà Kan, Ìpínlẹ̀ Méjì

Ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n bí sí Ìlá Ọ̀ràngún lọ́dún 1960 ti di ọmọ ibi mẹ́rin láìkó ẹrù kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún 1967, ìjọba Gowon fagi lé àwọn ẹkùn, ó dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, Ìlá sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di 1976, wọ́n ní ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò máa jẹ́. Ní 1991, wọ́n tún ní Ọ̀ṣun ni.

Ìbátan rẹ̀ ní Òmù-Àrán ńkọ́? Ìgbómìnà lòun náà, ṣùgbọ́n Ẹkùn Àríwá ni wọ́n bí i sí, nítorí pé ibẹ̀ làwọn amúnisìn ka Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ mọ́. Ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Kwara lónìí ló wà láti 1967. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lọ́jà, wọn ò nílò ògbufọ̀. Lórí ìwé, ọ̀kan jẹ́ ará Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, èkejì jẹ́ ará Àárín-Gbùngbùn Àríwá, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀rí mẹ́fà táwọn olóṣèlú ń lò yìí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Àwọn ọmọ wa tí a bí sí London tàbí Houston kò lè rí èyí lórí àwòrán ilẹ̀ tó ní ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n rí Oǹdó, wọ́n rò pé Òṣemàwé, ọba ìlú Oǹdó, ló jọba lé gbogbo ará ìpínlẹ̀ náà lórí. Ẹ dán an wò kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ọ̀wọ̀, tàbí ọmọ Àkúrẹ́ tó ní Déjì tirẹ̀! Ògùn kó Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ, Yewa àti Àwórì pọ̀, síbẹ̀ Ìjẹ̀bú wà ní Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ Èkó. Èkìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orúkọ rẹ̀ mu, àmọ́ àwọn Èkìtì kan wà ní Kwara. Èyí tó burú jù ni ti Kétu: ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn pín in, ààfin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ṣẹ̀ wá láti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

N ò ní kí ẹ pa ìpínlẹ̀ tí ìjọba pín tì. Fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà Nàìjíríà á bi ọmọ yín léèrè ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì ní kí mínísítà kan ó kéré tán wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Àmọ́ ìjọba tó pín ilẹ̀ lánàá lè tún un pín lọ́la. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe àwọn àgbà nílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlú, àdúgbò, agboolé àti oríkì ìdílé, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ìpínlẹ̀ lẹ ó béèrè kẹ́yìn.