Àwọn Ilé Ìsìn Òkúta Funfun ti Dilwara

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, òkè ńlá kan wà tí à ń pè ní Abu. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Abu Road yóò tún wọ ọkọ̀ mìíràn gun òkè náà, ọ̀nà yóò sì máa lọ́ bí ejò títí yóò fi dé Dilwara, níbi tí ilé ìsìn 5 ti àwọn ẹlẹ́sìn Jain wà.

Bí àlejò bá wo àwọn ilé náà láti òde, ó lè rò pé asán ni ìrìn òun já sí, nítorí ògiri wọn kò ní ọ̀ṣọ́ tí a lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ ná, kí ó sì fi àmùrè àti àpò aláwọ sílẹ̀ lóde. Nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ kí a pa ohun alààyè kan, wọn kì í sì í jẹ ẹran. Nígbà tí ó bá wọlé, ẹnu yóò yà á. Ọwọ̀n, ẹnu ọ̀nà àti àjà, òkúta mábìlì funfun ni gbogbo wọn, a sì gbẹ́ ewé, òdòdó, erin àti oníjó sí wọn lára fínnífínní. Láti àárín òrùlé róbótó, òkúta rọ̀ wálẹ̀ bí òdòdó òṣíbàtà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé a kì í ka ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn agbẹ́-òkúta: eruku tí wọ́n há kúrò lára òkúta ni a ń wọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ sì ni owó ọ̀yà wọn.

Vimal Shah ni ó kọ́ èyí tí ó pẹ́ jù lọ, ní 1031. Ìjòyè Bhima Kìíní, ọba Gujarat, ni í ṣe, ó sì jẹ́ olórí ogun. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ta sílẹ̀ lójú ogun ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ni ó fi kọ́ ilé náà fún ètùtù. Àwa tí a gba Ìhìnrere mọ̀ pé ilé kò lè ra ìdáríjì; síbẹ̀, mélòó nínú wa ni ẹ̀ṣẹ̀ wa ń dùn tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1230, àwọn ọmọ ìyá méjì, Vastupala àti Tejapala, tí wọ́n jẹ́ ìjòyè, parí òmíràn ní ìrántí Luniga arákùnrin wọn tí ó ti kú. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ sọ pé nígbà kan wọ́n fẹ́ ri owó wọn mọ́lẹ̀ nítorí olè. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n tún bá ìṣúra mìíràn pàdé. Anupama, aya Tejapala, ni ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ọrọ̀ náà ka orí òkè, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè jí i. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà.

Ní 1311, ogun dé, ó ba àwọn ilé náà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ọdún 10 lọ tí àwọn olùfọkànsìn fi tún wọn ṣe. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn ń jọ́sìn níbẹ̀; a kò sì gbà kí àlejò ya àwòrán nínú wọn, ojú nìkan ni yóò fi gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ wo àwọn ọmọ ìyá wọ̀nyí. Wọ́n ní owó, wọn kò bá ara wọn jà. Arákùnrin wọn kú, wọn kò gbàgbé rẹ̀. Aya ilé sọ̀rọ̀ ọgbọ́n, wọn kò pa á lẹ́nu mọ́. Nínú ilé mélòó láàárín wa ni a ti lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀?