Fóònù Ọwọ́ Ọmọ: Ẹ̀yin Òbí àti Olùkọ́, Ẹ Tẹ́tí Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́fà, ojúkojú ni yóò ti dúró. Bí wọ́n bá fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ìwé, bí agogo ìparí bá ti lù tí ó sì délé, ara a tù ú títí di ọjọ́ kejì. Lóde òní, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì lọ́sàn-án ń bá ọmọ wọ mọ́tò, ó ń bá a jẹun alẹ́, ó sì ń bá a dé orí ẹní, nítorí pé inú fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ẹni tó ń bú u lè fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, igba ènìyàn sì lè máa fi í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Ní Kánádà

Ní ọdún 2012, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Amanda Todd, ọmọ ọdún 15, ní ìlú Port Coquitlam ní Kánádà. Nígbà tó wà ní kíláàsì keje, àjèjì kan fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí ó fi rí àwòrán rẹ̀ gbà, irú èyí tí kò yẹ kí ojú àlejò rí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń halẹ̀ mọ́ ọn pé bí kò bá ṣe ohun tí òun fẹ́, òun yóò tú àwòrán náà síta. Ó sì tú u, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ sì rí i.

Ọmọ náà pààrọ̀ ilé-ìwé, àwòrán náà tẹ̀lé e. Òun nìkan ni ó ń dá jókòó jẹun ọ̀sán. Wọ́n bú u, wọ́n sì lù ú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ó gbé fídíò kan sórí YouTube. Kò la ẹnu sọ̀rọ̀. Ìwé pélébé tó fi kọ ìtàn ara rẹ̀ ni ó ń gbé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, pé òun ń wá ẹni tí yóò dúró ti òun. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan láti Netherlands ni ó ń fi oríṣiríṣi orúkọ èké halẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún 2022 ni kóòtù Kánádà tó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 13. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ọkùnrin yẹn nìkan kọ́ ni ó di ẹrù lé ọmọ náà lórí. Àwọn tí ń bú u, tí wọ́n sì ń sá fún un nídìí oúnjẹ, ọmọ ilé-ìwé bíi tirẹ̀ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Náà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní ọdún 2019, UNICEF, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ju 170,000 lọ, láti ẹni ọdún 13 dé 24, ní orílẹ̀-èdè 30. Nàìjíríà wà nínú wọn. Nínú ọ̀dọ́ mẹ́ta, ọ̀kan ní wọ́n ti fòòró òun rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú márùn-ún, ọ̀kan ní òun ti torí rẹ̀ sá nílé-ìwé rí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ wo gúrúùpù WhatsApp tí àwọn ọmọ kíláàsì dá sílẹ̀ láìsí olùkọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò ọmọ tó sùn lọ ní kíláàsì ń gbà kiri, àti orúkọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ nítorí pé bàtà rẹ̀ ya tàbí pé ìyá rẹ̀ ń kiri ọjà.

Ọmọ tí irú èyí bá ń ṣe kì í sábà sọ. Ìwà rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ẹni tó máa ń nawọ́ ní kíláàsì yóò dákẹ́. Máàkì rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Inú yóò máa run ún ní àràárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé. Kò ní í jẹun dáadáa, oorun kò ní í kùn ún, bí fóònù bá sì dún, àyà rẹ̀ yóò já.

Kí Ni Ṣíṣe?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọlọ́jà, a mọ̀ pé ilẹ̀ a ti ṣú kí ẹ tó délé. Síbẹ̀, bí ọmọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbé ìṣirò owó sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ti ẹnu yín jáde ni yóò pinnu bóyá yóò sọ èkejì. Bí ẹ bá ní, “Kí ló gbé ọ débẹ̀?” tí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbátí, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: kò ní í sọ fún yín mọ́. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń dákẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé, “O ṣeun tí o sọ fún mi. A jọ máa yanjú rẹ̀ ni.”

Lẹ́yìn náà, ẹ má pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ẹ dí ẹni tí ń fòòró rẹ̀ lọ́nà lórí fóònù náà. Bí ó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí àwòrán ìhòòhò, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá: Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 kò fàyè gba kí a máa fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ ènìyàn, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má pè é ní eré. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má pe ọmọ tí wọ́n fòòró jáde níwájú gbogbo ilé-ìwé láti wá rojọ́. Ìtìjú kejì nìyẹn. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ pe ẹni tó ṣe é náà lọ́tọ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ sì gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa ni ó jẹ̀bi, ká má gbè é: ká fi ọwọ́ òsì bá a wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, kí ó sì lọ tọrọ àforíjì.

Àwa àgbà ńkọ́? Ta ni kò mọ ẹni tó ń fi fídíò ìdójútì ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ láti gúrúùpù ẹgbẹ́ ọjà dé gúrúùpù mọ̀lẹ́bí? Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ wa ni yóò ṣe. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ó kú sọ́wọ́ wa.