Ooru Ṣáájú Wàrà fún Ọmọ Ológbò

Eku ń jẹ kókó wa lórí igi, ó ń jẹ àgbàdo nínú àká. Irú kan nínú wọn sì ń gbé ibà Lassa wọlé. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ọmọ ológbò.

Ọmọ tuntun kò lè dá mú ara rẹ̀ gbóná, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ tẹ́ àkísà gbígbẹ sínú páálí fún ìyá àti ọmọ. Ẹ rí i pé gbogbo wọn mu ọmú ní ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Wàrà àkọ́kọ́ ń gbógun ti àrùn.

Bí ọ̀kan bá tutù tí kò lè mu ọmú, ẹ má rọ wàrà sí i lẹ́nu: inú tí ó tutù kò lè da oúnjẹ. Ẹ fi aṣọ wé ìgò omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá móoru, ẹ dá a padà sídìí ọmú.

Wàrà màlúù lè mú kí ó máa ṣu gbuuru. Parasítámọ́ọ̀lù ń pa ológbò. Ẹ má fi oògùn kókó pa eégbọn ara rẹ̀. Bí ó bá ń ṣàìsàn, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ẹ má sì lo májèlé eku nílé: bí ìyá bá jẹ eku bẹ́ẹ̀, ó lè kú, ebi yóò sì pa àwọn ọmọ.