Orúkọ Tí Ó Bo Ẹran Mọ́lẹ̀

Eégbọn kan wà ní apá gúúsù òun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí abo rẹ̀ ní àmì funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ó lè mú kí ara onítọ̀hún máa kọ alpha-gal, irú ṣúgà kan tí ó wà nínú ara màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn, àgbọ̀nrín àti ọ̀pọ̀ ẹranko afọmúbọ́mọ mìíràn, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú adìẹ tàbí ẹja. Ìwádìí tí Scott Commins, Thomas Platts-Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2009 fi hàn pé àìsàn náà kì í yára: ó di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ara tó máa yún ni, kí inú tó máa run ni, tàbí kí èémí tó há. Bí ó bá le, ó lè la ẹ̀mí lọ.

Kò yẹ kí a pe irú nǹkan báyìí ní èèwọ̀. Ìdílé tàbí òrìṣà ni ó ń fi èèwọ̀ lélẹ̀. Nínú àìsàn yìí, ara fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀. Nítorí náà, ‘ìkọ-ẹran’ bá a mu jù.

Ọ̀ràn orúkọ tún le sí i lára páálí oúnjẹ. Òfin Amẹ́ríkà ti 2004 pa á láṣẹ pé kí a dárúkọ oúnjẹ mẹ́jọ tí ara ń kọ̀, bíi wàrà, ẹyin àti ẹ̀pà, ní kedere. Ẹ̀kúkù di ìkẹsàn-án ní 2023. Ẹran kò sí nínú wọn. Òǹkàwé ni yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ‘lard’, pé ọ̀rá màlúù tàbí ti àgùntàn sì ni ‘tallow’. Gẹ̀ẹ́sì bo ẹran mọ́lẹ̀. Yorùbá dárúkọ rẹ̀.

Bí a bá wá yá ‘gelatin’ lò ní ‘jẹ́látìn’, a ti yá ìbòjú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti se bókòtó rí mọ̀ ọ́n: omi rẹ̀ a máa dì bí ó bá tutù. Láti inú awọ àti egungun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n sì ń fi í ṣe súìtì àti ìdérí oògùn oníhóró. ‘Oje egungun dídì’ yóò ta òǹkàwé lólobó. A ó sì lè fi orúkọ ẹran kún un: oje egungun ẹlẹ́dẹ̀ léwu fún un, ti ẹja kò ní alpha-gal.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n orúkọ ní ibi tí ó mọ. ‘Natural flavors’ lè ti ara ewéko wá, ó sì lè ti ara ẹran wá. Bí ògbufọ̀ bá kọ ‘adùn àdánidá’ tí ó sì dákẹ́, ó ti fi ọkàn aláìsàn balẹ̀ lórí ohun tí òun alára kò mọ̀. ‘Adùn tí a kò sọ orísun rẹ̀’ ni ó tọ́, kí aláìsàn lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kí ó tó fi kan ẹnu.