Àyẹ̀wò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò nínú ọkọ̀ hybrid

Àyẹ̀wò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò jẹ́ ìlànà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a fi ń yẹ díẹ̀ wò lára ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, láti mọ ipò tí ọ́ìlì náà wà, ipò tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wà, àti àwọn ohun àjèjì tó ti wọ inú rẹ̀. A kì í tú ẹ́ńjìnnì kí a tó ṣe é. Ọ́ìlì máa ń kan àwọn irin tó ń yí tàbí tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó bá sì ha kúrò lára wọn, ọ́ìlì ni yóò gbé e. Nínú ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, èsì àyẹ̀wò yìí nílò ìtumọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń ka èsì náà, ó sì mú àpẹẹrẹ ìrìn ọkọ̀ láti Sábó ní ìlú Ṣàgámù, ilẹ̀ Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìtàn

Ní ọdún 1946, yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Denver and Rio Grande ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wọn iye irin tó wà nínú ọ́ìlì àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n sì fi í mọ èyí tó ní àléébù. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mú ìlànà náà lò fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, a ń lò ó fún jẹnẹrétọ̀ ńlá, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú, katakata àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ọkọ̀ hybrid àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu fún títà ni Toyota Prius, èyí tó jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wọlé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Iye owó epo fò sókè, ọkọ̀ tí kì í jẹ epo púpọ̀ sì di ohun tí àwọn ènìyàn túbọ̀ ń béèrè.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì hybrid fi yàtọ̀

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹntiróòlù lásán sábà máa ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti tan án títí yóò fi pa á. Ti hybrid kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bátìrì lè máa gbé ọkọ̀ lọ kí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Bí agbára bátìrì bá lọ sílẹ̀, tàbí tí awakọ̀ bá fẹ́ sáré, ẹ́ńjìnnì yóò tún jí.

Ohun méjì ni èyí ń fà. Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì lè má gbóná pẹ́ tó láti lé omi àti epo bẹntiróòlù tó ti yọ́ wọ inú ọ́ìlì jáde. Ìkejì, ẹ́ńjìnnì náà ń dákẹ́, ó sì ń jí lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìrìn kan ṣoṣo, ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ tètè dé ara irin ní gbogbo ìgbà tó bá jí. Yàtọ̀ sí pé ó ń dín epo kù, èyí wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń pàṣẹ ọ́ìlì tó ń ṣàn wẹ́rẹ́ fún hybrid, bí i 0W-20 tàbí 0W-16, dípò 20W-50 tó wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ ọ́ìlì ní Nàìjíríà.

Sábó jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún ìrìn oríṣi méjì. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Hausa, sabon gari, èyí tó túmọ̀ sí ìlú tuntun. Àdúgbò àwọn Hausa tó ń bá àwọn ará Rẹ́mọ ṣòwò obì gbànja ni. Ìlú Ṣàgámù sì ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìlú Bìní. Ọkọ̀ kan ní Sábó lè máa lọ sí ọjà àti ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ nínú ìlú nìkan, nígbà tí èkejì rẹ̀ ń lọ sí Èkó àti Ìbàdàn lójoojúmọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, epo àti omi lè kó jọ sínú ọ́ìlì. Nínú ti èkejì, ẹ́ńjìnnì ń gbóná dáadáa, ó sì ń lé wọn jáde. Ooru ilẹ̀ Yorùbá ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ju òtútù ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n kò lè mú ìpalára ìrìn kúkúrú kúrò pátápátá.

Ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń wọ̀n

Láti mọ irú irin tó wà nínú ọ́ìlì, wọ́n máa ń fi gáàsì ágọ́ọ̀nì tó gbóná ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígíríì sun díẹ̀ lára rẹ̀. Irin kọ̀ọ̀kan yóò tan ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ẹ̀rọ yóò sì fi ìmọ́lẹ̀ náà dá a mọ̀. Ìdá nínú mílíọ̀nù kan, tí a ń kọ ní ppm, ni a fi ń ka èsì. Ó kéré púpọ̀: bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì bá wọn kìlógíráàmù 4, tí irin inú rẹ̀ sì jẹ́ 10 ppm, gbogbo irin náà kò ju mílígíráàmù 40 lọ, kò tó ìdajì ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan.

Àwọn ohun tí a sábà máa ń wò nìwọ̀nyí:

• Irin: ó ń wá láti ara sílíńdà, kámù àti ṣéènì.
• Alumíníọ́mù: ó ń wá láti ara písítìnì, ó sì tún wà nínú eruku.
• Bàbà, òjé àti tánńganran: wọ́n ń wá láti ara bíárínnì. Bàbà tún lè yọ́ láti ara ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì tutù.
• Sílíkọ́nì: ó ń wá láti inú eruku, tàbí láti ara gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì pọ̀.
• Sódíọ́mù àti pọtásíọ́mù: bí wọ́n bá gòkè lójijì, ó ṣeé ṣe kí kúláńtì rédíétọ̀ máa jò sínú ọ́ìlì.
• Kálísíọ́mù, síńkì àti fọsfọ́rọ́ọ̀sì: èròjà tí àwọn tó ṣe ọ́ìlì fi sí i láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n.

Yàtọ̀ sí irin, wọ́n ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Lábẹ́ ìlànà SAE J300, ọ́ìlì 0W-20 gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.9 àti 9.3 mílímítà alópo méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 6.9, ó ṣeé ṣe kí bẹntiróòlù ti là á. Wọ́n tún máa ń wá iye bẹntiróòlù àti omi tó wà nínú rẹ̀, àti agbára tó kù fún ọ́ìlì láti pa oró ásíìdì. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò máa ń kìlọ̀ bí bẹntiróòlù bá ti wà láàárín ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọkọ̀ tuntun àti tòkunbọ̀

Ọ́ìlì àkọ́kọ́ láti inú ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń ní irin, bàbà àti sílíkọ́nì púpọ̀ ju èyí tí a óò rí lẹ́yìn náà lọ. Àwọn irin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ara wọn mu ni, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì sì ń tú sílíkọ́nì sínú ọ́ìlì. Kì í ṣe àmì pé ẹ́ńjìnnì ti ń bàjẹ́. Fún àpẹẹrẹ, bí irin inú ọ́ìlì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 40 ppm lẹ́yìn 2,000 kìlómítà, 20 ppm ni fún 1,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá jẹ́ 16 ppm lẹ́yìn 8,000 kìlómítà, ó ti já sí 2 ppm fún 1,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo 40 nìkan lè náwó tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kankan.

Àlàyé yìí kò kan tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tó ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní òkè òkun kì í ṣe tuntun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bí sílíkọ́nì àti alumíníọ́mù bá jọ gòkè nínú ọ́ìlì rẹ̀, tí irin sì tẹ̀ lé wọn, eruku ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí: fílítà afẹ́fẹ́ lè ti ya, tàbí kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní ibi tó ṣí sílẹ̀. Ìgbà ọyẹ́, tí eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń bo ojú ọ̀run, ni èyí lè burú jù. Bí sílíkọ́nì nìkan bá gòkè nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún ṣe, gọ́ọ̀mù tuntun lè ló fà á.

Ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n sì ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ènìyàn lè rí kálísíọ́mù púpọ̀ nínú èsì kí ó sì rò pé eruku sìmẹ́ǹtì ló wọ ẹ́ńjìnnì. Èrò yìí lè ṣini lọ́nà, nítorí pé kálísíọ́mù wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìdí nìyí tó fi dára kí a fi díẹ̀ lára ọ́ìlì tí a kò tíì lò ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí tí a ti lò, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Àfiwé yìí tún lè tú àṣírí ayédèrú ọ́ìlì: bí síńkì, fọsfọ́rọ́ọ̀sì àti kálísíọ́mù inú ọ́ìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bá kéré jọjọ, tàbí tí a bá ti rí irin àti bàbà nínú rẹ̀ kí ó tó dé inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára agolo ló wà nínú rẹ̀.

Kìlómítà àti wákàtí

Kìlómítà nìkan kò sọ bí ọ́ìlì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ tó. Ọkọ̀ tó rin 8,000 kìlómítà ní ìwọ̀n eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ti lo wákàtí 100 lójú ọ̀nà. Èyí tó rin iye kan náà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ní 20 kìlómítà ní wákàtí kan, ti lo wákàtí 400. Bí ó bá jẹ́ hybrid tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ fún ìdajì àkókò náà, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 200.

Èyí kò túmọ̀ sí pé a lè fi ọ́ìlì hybrid sílẹ̀ di ìgbà tó bá wù wá. Ọ́ìlì tó ní omi àti bẹntiróòlù nínú ń gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Fún àpẹẹrẹ, ní Amẹ́ríkà, Toyota sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì 0W-20 inú Prius lẹ́yìn 10,000 máìlì, ìyẹn bí 16,000 kìlómítà, tàbí lẹ́yìn oṣù 12, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Fún ọkọ̀ tó ń rìn lójú ọ̀nà eléruku, wọ́n dín in kù sí 5,000 máìlì, bí 8,000 kìlómítà. Títí èsì àyẹ̀wò yóò fi pọ̀ tó láti tọ́ka sí ohun mìíràn, èyí tó kúrú jù ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Sábó mu.

Bí a ṣe ń bu ọ́ìlì fún àyẹ̀wò

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ẹ tó bù ú. Nínú hybrid, ó yẹ kí ó jẹ́ lẹ́yìn ìrìn tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ pẹ́, kì í ṣe ìrìn tí bátìrì nìkan gbé ọkọ̀.
2. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Hybrid tó dákẹ́ lè ṣì wà ní títàn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè jí láìròtẹ́lẹ̀.
3. Ẹ nu ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn díẹ̀ lọ kí ẹ tó gbe ìgò sí i, nítorí pé ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde.
4. Ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ ni kí ẹ lò. Bí mílílítà 100 máa ń tó. Ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò gbẹ dáadáa lè mú kí èsì parọ́.
5. Ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú ọkọ̀, iye tí ọ́ìlì náà ti rìn, irú ọ́ìlì náà, àti iye tí ẹ fi kún un láàárín.

Ohun tí àyẹ̀wò kò lè sọ

Àyẹ̀wò ìmọ́lẹ̀ irin kì í rí ẹ̀rún tó tóbi ju bí máíkírómítà 5 sí 10 lọ dáadáa. Bí irin bá ń já ní ègé ńlá, èsì lè dára síbẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa bàjẹ́. Gígé fílítà ọ́ìlì àtijọ́ láti wo inú rẹ̀ lè fi èyí hàn. Àyẹ̀wò náà kò sọ ohunkóhun nípa bátìrì hybrid, ọ́ìlì gíà sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Èsì kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi tàbí láti dá a láre. Bí èsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ọkọ̀ kan náà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ló ń sọ ìtàn.

Ọ́ìlì tó kù lẹ́yìn àyẹ̀wò

Ìgò kékeré kan ni yàrá àyẹ̀wò nílò. Bí lítà 4 ni yóò kù nílẹ̀. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn kan ń kùn ún sára igi kí ikán má bàa jẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń fi pa pátákó kọnkéré. Ohun tí àyẹ̀wò rí nínú rẹ̀, láti orí irin dé orí òjé, ni yóò wọ inú ilẹ̀ bí a bá dà á sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Ó tún ní àwọn èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ nínú, nítorí náà kò yẹ kí ó máa kan awọ ara lemọ́lemọ́. Àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí a yọ nínú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba omi mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Ní Nàìjíríà, NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ni àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ. Ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi kànga, kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni ó yẹ kí a da kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí, títí tí a óò fi gbé e fún àwọn tó ń kó o lọ tún sè.