Bí Títú Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Di Iṣẹ́ Gidi ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Eré kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní demolition derby. Wọ́n á kó ọkọ̀ tó ti gbó jọ sínú pápá, àwọn awakọ̀ á máa fi ọkọ̀ kọlu ara wọn, èyí tó bá gbẹ̀yìn tó ṣì ń rìn ló gba ẹ̀bùn. Larry Mendelsohn ló sọ ọ́ di ìran tí èrò ń sanwó wò, ní pápá Islip ní Long Island, lọ́dún 1958. Ọkọ̀ ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe é. Nígbà tí irú wọn wá ń ṣọ̀wọ́n, wọ́n yà sọ́dọ̀ ọkọ̀ kéékèèké bíi Corolla, Civic àti Escort.

Wọ́n á múra ọkọ̀ náà kó tó wọ pápá. Gbogbo gíláàsì á kúrò. Wọ́n á yọ táǹkì epo tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n á de kékeré mìíràn mọ́ inú ọkọ̀ níbi tí ìkọlù kò ti ní í tètè bá a. Bátìrì náà á kúrò níwájú, á wá sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ńkọ́? Wọ́n á jó o pọ̀ tàbí kí wọ́n fi ṣéènì dè é. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni awakọ̀ tó gbọ́n fi ń kọlu ẹlòmíràn, torí iwájú ni ráídétọ̀ wà.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, mọ ìdajì ìmúra yìí lámọ̀dunjú. Òun náà ń fa epo jáde, ó ń tú bátìrì, ó ń yọ gíláàsì. Àmọ́ tiwọn lọ́hùn-ún, kí ọkọ̀ lè rí ibi fọ́ ni. Tiwa níbí, kí ohunkóhun má baà fọ́ ni.

Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Muṣin ni Ládípọ̀ wà lójú ìwé, ṣùgbọ́n etí títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ló jókòó sí. Ẹni tó bá sọ̀ ní Toyota, lágbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọjà. Kò sí mẹkáníìkì láti Ìlasamájà dé inú Ìsọlọ̀ tí kì í ránṣẹ́ síbẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Ìran àwọn òbí wa ra ọkọ̀ tuntun. Lẹ́yìn tí owó Udoji, àfikún owó oṣù, wọlé fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan bí 1974 sí 1975, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé di ọlọ́kọ̀. Ní 1975 kan náà, ilé iṣẹ́ Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá jáde, Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀, tuntun inú páálí ni wọ́n ń rà. Ta ló ń wá àlòkù nígbà yẹn?

1986 ló yí i padà. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba Babangida, wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí kò tó ₦1 lọ́dún tó ṣáájú ti kọjá ₦3 kí ọdún náà tó parí. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá. Tòkunbọ̀ ló wọlé dípò rẹ̀, láti èbúté Àpápá àti láti Kútọnu. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà di tòkunbọ̀: ẹ́ńjìnnì nínú kọ̀nténà, gíà, àti iwájú ọkọ̀ odindi tí wọ́n ti fi ayùn gé kúrò lókè òkun. Ká sọ òtítọ́ ibẹ̀, àwọn oníṣòwò Ìgbò, pàápàá àwọn ará Nnewi tí wọ́n ti ń ṣòwò páàtì tipẹ́, ló sọ ọjà náà di ńlá. Ìṣòwò nìkan kọ́ ni wọ́n sì mú wá. Ètò ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ń dá sílẹ̀ pẹ̀lú owó òwò wà lára ohun tó jẹ́ kó dúró.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tú Corolla àtijọ́ kan. Orí négétíìfù ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú lára bátìrì. Bó bá jẹ́ orí kejì ni, tí sípánà wá kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́, epo sì wà nítòsí. Bí báàgì afẹ́fẹ́ bá wà nínú sítíárìn, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀ tí bátìrì kúrò, torí ohun abúgbàù kékeré ló ń fẹ́ ẹ, iná díẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan wáyà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á gbé ọ̀bẹ tì í. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní í gé ẹyọ kan. Á tú orí tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ́ńjìnnì dé iná ẹ̀yìn, á ká gbogbo rẹ̀ bí okùn, nítorí wáyà tí wọn kò gé tún so ni rẹwáyà, oníná ọkọ̀, ń wá, kí ọkọ̀ oníbàárà má baà gbiná.

Wọ́n á fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n á sì fi akísà dí gbogbo ihò rẹ̀ kí iyanrìn má baà wọ inú. Oníbàárà tó gbọ́n kì í wo bó ṣe mọ́ lóde. Á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, á wo abẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì ibẹ̀ bá funfun, tó ki, omi ti bá a pọ̀. Á fi sípánà yí kíráǹkì kó mọ̀ bó bá há. Kódà páìpù èéfín ní ẹni tó ń rà á lọ́tọ̀, torí pílátínọ̀mù àti páládíọ̀mù tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Tó bá ku kìkì irin ara ọkọ̀, àwọn onírin á gé e, á gba Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, á sì di ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Bátìrì nìkan ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí. Òjé ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ásíìdì. Bí wọ́n bá fi àdá là á, tí wọ́n da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, tí wọ́n yọ́ òjé náà láìbo èéfín rẹ̀, eruku rẹ̀ á bà sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìbàjẹ́ ọ̀hún kì í sì í san. Ní 2023, ìjọba Èkó ti Ládípọ̀ pa fúngbà díẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Mo fara mọ́ ọn pé ọjà gbọ́dọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n títì pa kì í kọ́ ilẹ̀ oníkọnkéré, kì í gbé dúrọ́ọ̀mù tí wọn yóò da ọ́ìlì dúdú sí kalẹ̀, kì í sì í yan ibi kan tí gbogbo bátìrì yóò máa gbà jáde láìlà. Iṣẹ́ tó ti ń gbé ọkọ̀ ìlú ró láti bí ogójì ọdún tó irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àìní rẹ̀ kò dín kù. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n tún ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là ti kọjá ₦1,000, ẹni tó ń fi Corolla ṣe kábùkábù kò sì lè dé ibi tuntun inú páálí. Ohun tó yí padà ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tú báyìí ní ṣíìpù tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ dá mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ kò ní í sítáàtì. Nítorí náà, wọn kì í ta brain box lásán mọ́. Wọ́n ń yọ òun, kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀rọ tó ń ka kọ́kọ́rọ́ náà pa pọ̀, wọ́n á dì wọ́n sójú kan, wọ́n á kọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ sí i lára. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àìsàn ọkọ̀ ló ń kọ́ mọ́ sípánà.